Ta Ni Ará Ìlú? Òfin Ibùgbé àti Owó Ẹ̀kọ́ ní Àwọn Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àdúgbò Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá jókòó nínú kíláàsì kan náà ní ọ̀kan nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ti ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, tí olùkọ́ kan ṣoṣo ń kọ́ wọn, tí ìdánwò tí wọ́n ń ṣe kò sì yàtọ̀ rárá, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan san 46 dọ́là lórí yúnítì ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí èkejì sì san iye kan náà, kí ó tún fi 250 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba oyè ọdún méjì tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyí ń fún ni gbọ́dọ̀ ṣe 60 yúnítì, ó kéré tán. Nípa báyìí, owó ẹ̀kọ́ ẹni àkọ́kọ́ yóò jẹ́ 2,760 dọ́là, ti ẹnì kejì kò sì ní dín ní 17,760 dọ́là, láìka owó ìwé, owó oúnjẹ àti owó ilé mọ́ ọn. Kì í ṣe pé ọ̀kan gbọ́n ju èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ọ̀kan lówó ju èkejì lọ. Ohun tí ó pín wọn níyà kò ju èyí lọ: òfin ka ọ̀kan sí ará ìlú, ó sì ka èkejì sí àlejò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ìdílé wa pọ̀ ní Houston ní ìpínlẹ̀ Tẹ́ksáàsì, wọ́n pọ̀ ní agbègbè Prince George's ní ìpínlẹ̀ Mẹ́rílándì, kò sì sí ọdún kan tí àwọn ọmọ kò ń ti ilé lọ bá àwọn òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí wọn níbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí púpọ̀ nínú wọn ń kàn, nítorí pé owó rẹ̀ kéré, àti pé ẹni tí ó bá ṣe ọdún méjì níbẹ̀ lè ti ibẹ̀ bọ́ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n owó kékeré náà kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Fọ́ọ̀mù kan wà tí a ń kọ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí ó ń béèrè ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti wá, ìgbà tí ó dé, àti ohun tí ó ní lọ́kàn nípa ibi tí ó wà. Bí a ti dá fọ́ọ̀mù náà lóhùn lè sọ bóyá ọmọ yóò kàwé ní ọdún yẹn tàbí yóò kọ́kọ́ wá iṣẹ́ ṣe.

Kí a tó lè mọ ìdí rẹ̀ tí òfin fi ń bá akẹ́kọ̀ọ́ fa irú ọ̀rọ̀ báyìí, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó ń bọ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Èyí tí ó pẹ́ jùlọ nínú èyí tí ìjọba dá sílẹ̀, tí ó sì wà títí di òní, ni Joliet Junior College ní ìpínlẹ̀ Ílínọ́ì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1901. Ní ọdún 1907, Kalifọ́níà ṣe òfin tí ó fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama láyè láti máa kọ́ àwọn tí ó ti jáde ní ẹ̀kọ́ tí ó ga ju ti girama lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò ni wọ́n. Àwọn ará àdúgbò ni ó ń fi owó-orí ilé àti ilẹ̀ wọn gbé e ró, àwọn ni ó sì ń dìbò yan ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Truman gbé kalẹ̀ gbé ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1947, tí ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, orúkọ náà, kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, bẹ̀rẹ̀ sí í borí orúkọ àtijọ́ tí a ń fi pè wọ́n.

Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń dá èésú yóò tètè rí ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí ó bá dá ni ó ń kó. Àwọn tí ó ti ń san owó-orí sí àpò ìpínlẹ̀ àti àpò àdúgbò láti ọdún yìí wá ti dá èésú tiwọn, àwọn ọmọ wọn ń kó o nípa owó ẹ̀kọ́ tí ó rọrùn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibòmíràn dé kò tíì dá ohunkóhun, nítorí náà a ní kí ó san iye tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ná ilé-ẹ̀kọ́ gan-an. Ní Kalifọ́níà, ọ̀fẹ́ pátápátá ni ẹ̀kọ́ yìí fún ará ìlú títí di ọdún 1984, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba 5 dọ́là lórí yúnítì kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gòkè títí ó fi di 46 dọ́là ní ọdún 2012, iye náà ni wọ́n sì ń gbà títí di ìsinsìnyí. Owó tí àlejò ń san lé e kò dúró sójú kan bẹ́ẹ̀, agbègbè kọ̀ọ̀kan ni ó ń yàn án fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, ọ̀nà mẹ́ta ni owó náà pín sí. Tẹ́ksáàsì, Ílínọ́ì àti Mẹ́rílándì wà lára wọn. Ẹni tí ó ń gbé nínú agbègbè tí ó ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni ó ń san èyí tí ó kéré jùlọ. Ẹni tí ó wà nínú ìpínlẹ̀ náà ṣùgbọ́n tí kò sí nínú agbègbè yẹn ń san jù ú lọ. Ará ìpínlẹ̀ mìíràn àti ará ilẹ̀ òkèèrè ni ó ń san èyí tí ó pọ̀ jùlọ. Nítorí èyí, ẹni tí ó kó kúrò ní òpópónà kan lọ sí òmíràn lè bá owó tuntun pàdé. Òfin Tẹ́ksáàsì tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ pé bí ẹnì kan bá ń gbé ní òde agbègbè, ṣùgbọ́n tí ó ní ilé tàbí ilẹ̀ tí ó ń san owó-orí rẹ̀ fún agbègbè náà, kọ́lẹ́ẹ̀jì lè gbà á láyè láti san iye tí ará ilé ń san. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ èésú náà ti hàn gbangba tó èyí.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń mọ ará ìlú? Ní Kalifọ́níà, ẹsẹ̀ méjì ni òfin náà fi dúró. Èkíní ni pé kí ara ènìyàn wà ní ìpínlẹ̀ náà ní tòótọ́. Èkejì ni pé kí ó ní in lọ́kàn láti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ ti pàdé, kí wọ́n sì ti wà pọ̀ fún ọdún kan àti ọjọ́ kan, kí ọjọ́ àkọ́kọ́ sáà ẹ̀kọ́ tó pé. Ẹni tí ó ti gbé níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta láìní èrò àtidúró kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó sì ti pinnu láti Ìbàdàn pé Los Angeles ni òun yóò máa gbé títí ayé kò tíì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi tẹ ibẹ̀. Gbogbo ìpínlẹ̀ kọ́ ni ó ń béèrè ọdún kan. Oṣù 12 ni ti Tẹ́ksáàsì, ṣùgbọ́n oṣù 3 ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò Mẹ́rílándì ń béèrè.

Ara ṣeé rí, ṣùgbọ́n inú kò ṣeé wò. Nítorí náà ni wọ́n fi ń wo ìwà. Wọ́n ń béèrè pé: níbo ni ẹni yìí ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò? Ìpínlẹ̀ wo ni ó fún un ní ìwé-àṣẹ ìwakọ̀? Nọ́ńbà ìpínlẹ̀ wo ni ó wà lára ọkọ̀ rẹ̀? Ìpínlẹ̀ wo ni ó ń san owó-orí iṣẹ́ rẹ̀ fún, àdírẹ́sì wo ni ó sì kọ sínú ìwé owó-orí náà? Ǹjẹ́ ó ní ilé níbẹ̀, àbí ó gba ìwé-àṣẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀? Kò sí ìwé kan ṣoṣo tí ó tó fúnra rẹ̀. A ń kó wọn jọ wò ni. Bí ènìyàn bá sì ti ṣe ohun kan tí ó tako ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ìyẹn náà yóò jẹ́rìí lòdì sí i: bí ó bá dìbò ní ìpínlẹ̀ mìíràn, bí ó bá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ mìíràn tí ó sì san owó ará ìlú níbẹ̀, tàbí bí ó bá lọ gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ mìíràn gẹ́gẹ́ bí ará ibẹ̀. Ó lè dàbí ohun ìyanu pé ẹjọ́ ọkọ àti aya ń bọ́ sínú ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà nídìí méjèèjì: níbo ni ilé rẹ?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kọlu èdè wa. Ọ̀rọ̀ tí àwọn amòfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò fún irú ibùgbé yìí wá láti inú domus ti èdè Látìnì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ilé. Òfin Kalifọ́níà ṣe àlàyé rẹ̀ pé ènìyàn kò lè ní ju ọ̀kan lọ, pé ibẹ̀ ni ó ń wà nígbà tí iṣẹ́ tàbí ohun ìgbà díẹ̀ kò bá pè é lọ síbòmíràn, ibẹ̀ ni ó sì ń padà sí ní àkókò ìsinmi; a kì í sì í pàdánù ọ̀kan títí a ó fi ní òmíràn. Bí a bá ka àlàyé yìí fún àgbàlagbà Ìjẹ̀bú tí ó ti ń ṣòwò ní Ìbàdàn fún 40 ọdún, tí ó ti kọ́lé síbẹ̀, tí ó sì bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, yóò dáhùn láìronú pé Ìjẹ̀bú ni ilé òun. Bí ọdún Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí Ojúde Ọba sì tẹ̀ lé e, ilé ni ó ń lọ. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Lójú Yorùbá, ilé jẹ́ ohun tí a jogún. Ibi tí àwọn baba sùn sí ni, ibi tí a ó gbé òkú wa lọ. Lójú òfin Amẹ́ríkà, ilé jẹ́ ohun tí ènìyàn fi ìpinnu ara rẹ̀ yàn, tí ó sì lè fi ìpinnu ara rẹ̀ pààrọ̀ nígbàkígbà.

Nítorí náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ilé òun wà ní Abẹ́òkúta, tí ó sì kọ pé òun ní in lọ́kàn láti padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, sọ òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé rẹ̀ kò lè jáníyàn. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ó ń ka fọ́ọ̀mù náà kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilé àwọn baba àti ibi tí a ti fìdí kalẹ̀. Ohun tí ó rí kà ni pé àlejò ni ẹni yìí, èrò rẹ̀ kò sì sí níhìn-ín. Kì í ṣe pé kí ènìyàn parọ́; irọ́ pípa nínú irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ léwu púpọ̀. Ó kàn yẹ kí ó mọ ohun tí a bi í léèrè ni. A kò bi í ní ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ibi tí ó fi ṣe ibùjókòó ní ìsinsìnyí, tí kò ní ọjọ́ tí ó dá láti kúrò níbẹ̀, ni a bi í.

Ní ti ọmọdé, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ibùgbé òbí tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ibùgbé ọmọ tí kò tíì pé 18 ọdún, tí kò sì tíì gbéyàwó tàbí lọ́kọ. Láti ọjọ́ tí ó bá pé 18 ni ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún tirẹ̀. Ìṣòro a máa wà nígbà tí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Kalifọ́níà, tí àwọn òbí rẹ̀ sì wà ní Òṣogbo. Nínú àṣà wa, ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá ni. Ọmọ kò tilẹ̀ ní pè é ní orúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n òfin kò ka ẹ̀gbọ́n ìyá sí òbí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kì í mọ èyí títí ìwé owó yóò fi dé ọwọ́ wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí àlejò kì í sì í di ará ìlú nípa jíjókòó lásán. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ìwé ìbéèrè, kí a tó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Kalifọ́níà yóò tún fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀: ṣé àwọn òbí rẹ̀ kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé owó-orí wọn bí ẹni tí wọ́n ń bọ́, ṣé kò gbà ju 750 dọ́là lọ lọ́wọ́ wọn láàárín ọdún kan, ṣé kò sì gbé nínú ilé wọn ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ nínú ọdún. Òfin yìí le fún ọmọ Yorùbá, tí owó òbí kì í tán lára rẹ̀ nítorí pé ó ti dàgbà. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ sí lóṣooṣù láti òkèèrè ń gba ìfẹ́, ó sì ń gba ẹ̀rí tí yóò tako ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

Wọ́n ti gbé òfin ìdádúró ọdún kan yìí lọ sí ilé-ẹjọ́ rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mìnẹsótà pe ẹjọ́ pé kò tọ́ kí a dá ará ìlú tuntun dúró fún ọdún kan nígbà tí a kò dá ti àtijọ́ dúró. Ní ọdún 1971, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí ìdájọ́ tí ó ní kí òfin náà dúró. Ti ìpínlẹ̀ Konẹ́tíkọ́tì yàtọ̀. Òfin wọn sọ pé ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà ní òde ìpínlẹ̀ nígbà tí ó kọ̀wé béèrè àyè ní yunifásítì yóò jẹ́ àlejò títí yóò fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ohunkóhun tí ì báà ṣe lẹ́yìn náà. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin méjì tí ó pe ẹjọ́ náà ti fẹ́ ọkọ tí ó jẹ́ ọmọ Konẹ́tíkọ́tì láti ìbí, ó ti kó wá sí ilé ọkọ, ó ti gba ìwé ìwakọ̀ níbẹ̀, ó sì ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Síbẹ̀ àlejò ni wọ́n pè é. Ní ọdún 1973, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ lè gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ àlejò, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sọ ènìyàn di àlejò títí láé láìfún un láyè láti mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ilẹ̀kùn tí a lè tì pa pátápátá mọ́.

Ti ará ilẹ̀ òkèèrè tún ní ìdènà tirẹ̀. Ẹni tí ó gba físà akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń pè ní F-1, ti sọ fún aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Èkó tàbí ní Abùjá pé òun ní ilé ní Nàìjíríà tí òun kò ní fi sílẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi fún un ní físà. Bí ó bá dé Amẹ́ríkà tán, kò lè yíjú padà sọ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì pé ibẹ̀ ni òun fi ṣe ilé. Ì báà gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, àlejò ni. Ẹni tí ó ní ìwé ìgbé-ayé-títí, tí a mọ̀ sí gíríìnì káàdì, kò sí nínú ìdè yìí. Ó lè fìdí kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn físà kan sì wà láàárín méjèèjì. Nínú ẹjọ́ kan láti Mẹ́rílándì, ní ọdún 1982, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbèjà àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ àjọ àgbáyé, irú bí Báńkì Àgbáyé, nítorí pé òfin ìjọba àpapọ̀ kò sọ pé kí irú wọn má fi Amẹ́ríkà ṣe ilé, ìpínlẹ̀ kò sì ní agbára láti fi ẹrù tirẹ̀ kún un.

Èyí tí ó gbóná jùlọ ni ti àwọn ọmọ tí òbí wọn mú wọn wá ní kékeré, tí wọn kò ní ìwé. Ní ọdún 1996, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin pé ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ibùgbé fún irú wọn ní owó ẹ̀kọ́ tí ó dín, bí kò bá fún gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà ní irú àǹfààní kan náà. Tẹ́ksáàsì àti Kalifọ́níà wá ọ̀nà gbà ní ọdún 2001. Ti Kalifọ́níà mú ọgbọ́n wá: kò sọ̀rọ̀ ibùgbé rárá. Ó ní ẹnikẹ́ni tí ó bá lo ọdún mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Kalifọ́níà, tí ó sì gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀, kì yóò san owó àlejò, ì báà jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti Kalifọ́níà fọwọ́ sí i ní ọdún 2010. Ti Tẹ́ksáàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́, ìpínlẹ̀ náà kò jà, adájọ́ sì fagi lé òfin tí ó ti wà fún 24 ọdún náà ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ní ti àwọn ọmọ ogun, ọ̀rọ̀ wọn rọrùn: òfin ọdún 2008 àti ti 2014 ti yọ àwọn àti ìdílé wọn kúrò nínú ìdádúró yìí, nítorí pé ìjọba ni ó ń gbé wọn káàkiri.

Bí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ wa bá fẹ́ fi nǹkan yìí wé ti ilé, kí ó má ṣe gbàgbé pé orí ìpìlẹ̀ mìíràn ni tiwa dúró lé. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí ó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà náà ń gba iye méjì, ṣùgbọ́n ọmọ ìbílẹ̀ àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí ni ẹ̀rí rẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 318, sọ pé ẹni tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ tàbí àwọn òbí àgbà rẹ̀ jẹ́ ọmọ àwùjọ tí ó ṣẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Kò sọ̀rọ̀ ọdún kan, kò sọ̀rọ̀ owó-orí, kò sì sọ̀rọ̀ èrò ọkàn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí a bí sí Jọ́ọ̀sì, tí baba rẹ̀ ń ṣòwò níbẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ju alẹ́ mẹ́ta lọ, yóò gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láìsí wàhálà. Ọmọ ará Jọ́ọ̀sì tí a bí sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ń sọ èdè ibẹ̀ bí ẹni ń mumi, tí baba rẹ̀ sì ti ń san owó-orí fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún 30 ọdún, kò ní rí i gbà.